Bíréèkì ẹ̀yìn Honda: Yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé, ẹni tó bá fipá tẹ̀ ẹ́ á fowó méjì ra nǹkan kan ṣoṣo!

Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ fà á. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí gbogbo nǹkan sì gbówó lérí, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Àgbàdo, Ìfọ̀, Ìbàfò àti Mówè ni kì í fẹ́ẹ́ yọjú sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá di kàráǹgídá. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rò pé agbára àwọn ká, ojúde ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á da omi sí rèdíétọ̀, wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á sì pa páàdì bíréèkì dà. Kò burú. Àmọ́ bíréèkì ẹ̀yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ bíréèkì iwájú rárá, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò.

Ẹ jẹ́ ká fi baálé ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Àgbàdo ló ń gbé, Honda Accord táwọn ará Nàìjíríà sọ lórúkọ ní "End of Discussion" ló ń wà, ìyẹn èyí tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2007. Látìgbà tí rélùwéè Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo lọ sí Òyìngbò lóṣù kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò ń gba òjò lójúde ilé. Lọ́jọ́ Sátidé tó gbé e jáde, táyà ẹ̀yìn ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lọ eyín ẹ̀. Ó wò ó, páàdì ti jẹ tán.

Ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe mẹkáníìkì?"

Ó dá a lóhùn pé, "Ṣebí èmi náà ni mo pààrọ̀ tiwájú lọ́dún tó kọjá. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Nígbà tó ṣe tiwájú, kíláǹpù ló fi tẹ písítìnì padà sínú kálípà, wẹ́rẹ́ ló wọlé. Ó gbé kíláǹpù kan náà sí tẹ̀yìn, kò mì. Ó fi páìpù sí i kí agbára lè pọ̀ sí i. Ló bá dún "kàà!", ọ́ìlì bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nígbà tí mẹkáníìkì àdúgbò fi máa dé, ọmọkùnrin náà kàn mirí ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Yíyí là ń yí tibí yìí, a kì í tẹ̀ ẹ́." Páàdì tó yẹ kó ná baba náà lówó díẹ̀ ti di odidi kálípà tuntun nìyẹn.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ìdí rẹ̀ ò pamọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, inú kálípà ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n so háńdì bíréèkì mọ́. Kí háńdì lè máa di páàdì mú bó ṣe ń jẹ, wọ́n gbé bóòtù kan sí ìdí písítìnì, orí bóòtù yẹn ló ń yí lé. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà ní láti máa yí i lọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, kó sì máa tì í wọlé. Bí wọ́n bá fipá tẹ̀ ẹ́ ní tààrà, bóòtù inú á bàjẹ́. Bí Honda Accord yẹn ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Golf kẹrin. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí i wà lọ́jà. Lára Honda, ẹnu páàdì inú ní èékánná kékeré kan tó gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ihò tó wà lórí písítìnì, bí kò bá bọ́ síbẹ̀, páàdì á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n, àwọn àgbà ò parọ́.

Ti Camry "Muscle" yàtọ̀. Háńdì bíréèkì tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ikùn dísìkì, nítorí náà, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ písítìnì tiẹ̀. Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó pọ̀ nígboro ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ni kò tiẹ̀ ní páàdì lẹ́yìn, ìlù àti ṣúù ni wọ́n ní. Ní ti àwọn mọ́tò ìgbàlódé tó jẹ́ bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ fún háńdì, ẹ má fọwọ́ kàn án àyàfi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bá ti tú u sílẹ̀.

Ẹni tó bá máa ṣe é, bó ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é rèé

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó ti ṣe é, kì í ṣe orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà iwájú ni kó fi igi tàbí òkúta dí, nítorí háńdì bíréèkì gbọ́dọ̀ wà ní sísọ̀kalẹ̀. Kó dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kó sì fi ìdúró irin tì í lábẹ́. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé mọ́tò ró o, lójijì ló máa ń fọ́, ẹni tó bá sì wà lábẹ́ ẹ̀ ò ní í róyìn.

Ẹgbẹ́ kan ni kó kọ́kọ́ tú, kí èkejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń pa páàdì wọn dà pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó fi wáyà so kálípà kọ́, kó má jẹ́ kó rọ̀ dirodiro lórí rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì. Kó nu àwọn irin tí kálípà ń yọ̀ lórí ẹ̀, nítorí ìpẹtà ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ páàdì mọ́tò tó bá pẹ́ níta. Kó máa wo ike ọ́ìlì bíréèkì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí bí písítìnì bá ṣe ń wọlé ni ọ́ìlì á máa ga sókè, ó sì máa ń bó ọ̀dà mọ́tò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: bó bá parí, kó tó yí kọ́kọ́rọ́, kó tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lọ kanlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbàgbé, tó kàn gbé ọkọ̀ jáde, ògiri tàbí gọ́tà ni yóò fi dúró.

Ẹ tún ṣọ́ra fún eruku o. Nínú àwọn páàdì kan, pàápàá èyí tó ti pẹ́, asbestos wà, àjọ ìlera àgbáyé sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, aṣọ tí wọ́n rẹ sómi ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà

Ẹni tó bá ń ti Ìbàfò tàbí Mówè wọ Èkó mọ bí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe máa ń rí, bí ọkọ̀ ṣe máa ń sáré bọ̀ tí gòósìlóò á sì yọ lójijì. Ẹ ò tíì gbàgbé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2018. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní bíréèkì ọkọ̀ agbépo kan já lórí bíríjì Ọ̀tẹ́dọlá, ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ, mọ́tò tó lé ní àádọ́ta ló sì jóná. Ọkọ̀ agbépo nìyẹn o, àmọ́ ohun tó ń dá tirélà dúró náà ló ń dá Honda dúró.

Owó mẹkáníìkì dùn ún tọ́jú, kò sẹ́ni tó ní kò dùn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá kọjá agbára ẹni, kò sí ẹ̀sín nínú kéèyàn ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ gbà mí." Bàbá Ìbejì náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wò ó ni.