Bí Ìyàwó Tuntun Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Nílé Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò yọ àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí yunifásítì ń fún ni, aṣọ ni. Ẹni tí ó bá ní làákàyè, tí ó sì ní owó, yóò gbà á láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè àti àṣà ìlú onílùú, àkísà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní i gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ó ni ín gbé, kí ó bá wọn jẹ, kí ó bá wọn mu, kí ó bá wọn ṣọ̀fọ̀, kí ó sì fara balẹ̀ títí ojú àlejò yóò fi kúrò lára rẹ̀.

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan kọjá sí òkè-òkun lọ kàwé, ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn máa ń lọ bá. Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1925, Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Nígbà tí ó di ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan tí ọmọ Áfíríkà lè wọ̀ sí nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń tilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọn yóò ṣe kàwé tán nílẹ̀ àjèjì láìgbàgbé ilé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ènìyàn gbà lọ náà ni àlejò ń gbà bọ̀. Àwọn ọmọ òkè-òkun náà ti wá kàwé nílẹ̀ Yorùbá. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn, Karin Barber, tó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti àgbà lè gbé yẹ̀ wò, nítorí ó fi hàn pé àṣà Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ irú ẹni tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ nílé onílé.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ MÉJÌ

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Barber. Ó ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Cambridge kí ó tó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń wọkọ̀ òfuurufú lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ifẹ̀ ni òun wá gba tirẹ̀. Ó sì gbà á ní ọdún 1979.

Síbẹ̀, inú ọgbà yunifásítì kọ́ ni ó ti rí ohun tí ó fi gboyè. Láti ọdún 1974 sí 1977, Òkukù ni ó fi ṣe ilé. Ìlú yìí wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìkìrun lọ sí Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní. Olókukù ni orúkọ oyè ọba wọn. Oríkì ni Barber ń wá lọ síbẹ̀, àwọn tí oríkì sì wà lẹ́nu wọn jù lọ ni àwọn obìnrin: ìyàwó ilé, ọmọ-osú, àti àwọn ìyá àgbà. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò fi ẹsẹ̀ kan iléèwé rí. Àwọn ni olùkọ́. Ẹni tí ó ti Cambridge bọ̀ ni ọmọ iléèwé.

ÌKÍNI NI ÌBẸ̀RẸ̀

Ẹ̀kọ́ tí ó ṣíwájú gbogbo ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wá gbé láàárín Yorùbá ni ìkíni. Iṣẹ́ tí a bá ẹnìkan lẹ́nu rẹ̀ ni a ó fi kí i. Onídìrí ń retí “ojú gbooro o”, aláró ń retí “àrẹ̀dú o”, àgbẹ̀ ń retí “àroko bọ́dún dé o”, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sì ń retí “ẹ kú ìrọ́jú”. Ọmọbìnrin a kúnlẹ̀, ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pe àgbà lórúkọ.

Ọmọ ọdún márùn-ún ní agbo-ilé ti mọ gbogbo èyí. Ẹni tí ó ti gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá yóò wá máa fetí sí ọmọ náà kí ó lè mọ ohun tí yóò wí. Ìtìjú wà níbẹ̀. Yorùbá kì í fi àṣìṣe àlejò ṣe ìjà, wọ́n mọ̀ pé àlejò a máa lójú ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un wí fún un. Ẹni tí kò bá lè gba ẹ̀rín náà mọ́ra yóò padà sílé pẹ̀lú ìwé tí ó kún fún àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

ORÍKÌ Ń WÁ ORÍ

Ènìyàn lè rò pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti tó ẹni tí ó ń wá oríkì: kí ó gbé e síwájú ìyá àgbà, kí ó ní kí ìyá máa wí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkì kò sí láìsí ẹni tí a ń kì. Bí a bá ń ki ọmọ Ọlọ́fà tí a dárúkọ ìjàkadì, tàbí tí a ń ki ọmọ Oníkòyí tí a dárúkọ ogun, ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá, ìbáà ṣe alààyè tí ó jókòó, ìbáà ṣe òkú ọ̀run tí a ń pè. Orí ẹni tí a kì a máa wú, ọwọ́ rẹ̀ a sì wọ àpò. Ohun tí Barber tẹnu mọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ tí a ń dojú rẹ̀ kọ ènìyàn ni oríkì, kì í ṣe ìtàn tí a ń ka láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà, gbólóhùn kan lè ti ẹnu ọba ayé àtijọ́ wá, kí èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti àgbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá mọ ilé tí ó wà lẹ́yìn gbólóhùn náà yóò gbọ́ ohùn, kò ní gbọ́ ìtumọ̀. Ìtàn tí ó tú gbólóhùn méjì lè gba odindi ọ̀sán kan, ó sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ àwọn bàbá ilé, nígbà tí oríkì fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ìyá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ méjèèjì ní láti máa lọ, kí ó máa bọ̀, láti ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá dé ìdí ààrò ìyá. Ọdún mẹ́ta kò pọ̀ jù fún un.

RÁRÀ ÌYÀWÓ

Lára ohun tí Barber gbọ́ ní Òkukù ni rárà ìyàwó, tí àwọn ìlú mìíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó. Kí ọmọbìnrin tó lọ sí ilé ọkọ, yóò sun rárà. Yóò ki ìdílé bàbá rẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, yóò tọrọ àdúrà, yóò sì sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù nípa ilé tí ó ń lọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ akígbe kan tí a fi owó bẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin tí ó bá tó lọ sílé ọkọ ni a retí rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ó ṣíwájú wọn ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ.

Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, ó di ọmọdé. Ọmọ tí a bí sí ilé náà kí ó tó dé, bí ó tilẹ̀ kéré bí eèrà, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún un. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, àdàpè ni yóò fún un. Yóò kọ́ èèwọ̀ ilé, yóò kọ́ bí a ti ń se ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, yóò sì kọ́ oríkì wọn láti fi ki ọkọ àti ọmọ. Síbẹ̀, kò ní gbàgbé oríkì ilé bàbá rẹ̀. Nípa báyìí ni obìnrin kan ṣoṣo ṣe ń gbé ìtàn agbo-ilé méjì sórí.

Àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ nílé onílé gan-an nìyí. Àwọn ẹgbẹ́ Solanke ní Lọ́ńdọ̀nù di apá kan rẹ̀ mú, wọn kò gbàgbé ilé bàbá wọn. Barber di apá kejì mú ní Òkukù, ó gbà láti di ọmọdé ní ilé tí ó wọ̀. Ẹni tí ó bá ní apá kan láìní èkejì kò tíì di ìyàwó ilé. Àlejò ni, tàbí ọmọ tí ó sọnù.

OHUN TÍ ÀLEJÒ FI SÍLẸ̀

Ìyàwó kì í sì í jókòó lásán nílé ọkọ. Láti ọdún 1977 sí 1984, Barber ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní ẹ̀ka tí a ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní lítíréṣọ̀ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó bá ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn, ó sì bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Ní ọdún 1991, ìwé rẹ̀ lórí oríkì àti àwọn obìnrin Òkukù jáde. Ní ọdún 2000, èyí tí ó kọ lórí ẹgbẹ́ Adéjọbí tẹ̀lé e. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Birmingham, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Dame dá a lọ́lá ní ọdún 2021. Nínú ìwé ọdún 1991 náà, oríkì wà ní èdè Yorùbá bí àwọn ìyá ti kì í, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé e.

Kí ni ti àwọn ọmọ onílé? Ìgbéyàwó òde òní ti kó lọ sí ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ni ó ń gba owó láti sọ ohun tí ó yẹ kí ìyàwó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀ fún àdúrà, inú ẹbí ń dùn, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ki ilé bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò wo ojú ìyá wọn, ìyá náà a sì wo ilẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ Òkukù kan kàwé dé Birmingham, kí ó sì jẹ́ inú ìwé ní ilé ìkàwé níbẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé oríkì tí ìyá-ìyá rẹ̀ lè ti kì ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn àlejò tí ó bèèrè, tí a sì dá lóhùn. Ohun tí ó dunni ni pé ẹni tí ó wà nítòsí kò bèèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Òbí tí ó ń ra àpótí àti ẹ̀wù òtútù fún ọmọ tí ó ń lọ sí òkè-òkun lè jókòó tì í ní alẹ́ mélòó kan, kí ó kọ́ ọ ní oríkì ilé bàbá àti ti ilé ìyá. Olùkọ́ lè rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ìyá àgbà dípò kí ó kàn kọ àkọ́sórí sójú pátákó. Bí ọmọ náà bá sì gúnlẹ̀ sí ìlú onílùú, kí ó ṣe bí ìyàwó tuntun: kí ó kọ́ ìkíni wọn, kí ó jẹ oúnjẹ wọn, kí ó gba ẹ̀rín wọn mọ́ra. Yunifásítì yóò fún un ní aṣọ. Àkísà wà lọ́wọ́ àwọn ìyá nílé àti lọ́wọ́ àwọn onílé ní ìdálẹ̀, wọn kì í sì í fi du ọmọ tí ó bá bèèrè.