ÈÉDÚ, DÍÁMỌ́ŃDÌ, ÀTI ÈYÍ TÍ Ó LE JÙ Ú LỌ

Èédú tí a ń rà ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, àti èyí tí alágbẹ̀dẹ Òǹdó ń fi ẹwìrì fẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú díámọ́ńdì. Kábọ́ọ̀nù ni a fi dá wọn. Ní ọdún 1797 ni Smithson Tennant, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn: ó sun díámọ́ńdì títí ó fi jóná, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó sì jáde bá ti èédú mu.

Kí ni ó wá mú kí ọ̀kan máa kun ni lọ́wọ́, kí èkejì sì máa gé òkúta? Bí èérún wọn, tí ojú kò lè rí, ti so pọ̀ ni. Nínú dúdú inú pẹ́ńsù, tí òun náà jẹ́ kábọ́ọ̀nù, wọ́n tẹ́ lórí ara wọn bí ojú ewé ìwé, wọ́n sì ń yọ̀ kúrò. Nínú díámọ́ńdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú ṣinṣin, bí igi òrùlé tí a kàn mọ́ra. Nítorí náà ni a ṣe ń fi eruku rẹ̀ sí etí ayùn tí ń gé òkúta líle, irú èyí tí ó yí Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ká.

Síbẹ̀ líle rẹ̀ kò dọ́gba ní gbogbo ìhà. Ó ní ibi tí ó ti ń là. Ní 2003, Tetsuo Irifune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ ohun inú pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ nínú ooru ńlá, ó sì di díámọ́ńdì oníhóró wẹ́wẹ́ tí ó há mọ́ra. Ó le ju ọ̀pọ̀ díámọ́ńdì inú ilẹ̀ lọ. Ní 2021, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Yanshan ní Ṣáínà ṣe kábọ́ọ̀nù tí ó dàbí dígí, tí ó lè fa ìlà sí ara díámọ́ńdì. Kì í ṣe pé ó le ju gbogbo díámọ́ńdì lọ o. Ìhà tí a bá fi kàn án ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí. A rí díámọ́ńdì ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, ní 1919, àti ní Sierra Leone ní 1930. Nítorí náà bí òkúta dídán bá hàn lẹ́bàá odò oko, ọkàn ẹni a máa sáré. Ẹlòmíràn a fi í fa ìlà sí dígí, bí ó bá sì ràn án, a pè é ní díámọ́ńdì. Ẹ̀tàn gbáà ni! Òkúta funfun tí ó wọ́pọ̀ nínú iyanrìn wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartz, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ti òòlù ni ó burú jù. Ohun líle kì í ṣe ohun tí kò lè fọ́. Díámọ́ńdì tòótọ́ a máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ òòlù. Ẹ gbé e tọ ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n dáradára lọ: díámọ́ńdì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, quartz kò tó ìlọ́po mẹ́ta.