Ọkọ̀ asáré lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì: Irú páàdì bíréèkì wo ló yẹ kí onímọ́tò rà?

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí ibi iṣẹ́ ní Àpápá tàbí Mile 2 lójoojúmọ́ mọ̀ pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ náà kì í ṣe ibi téèyàn ti ń fi bíréèkì ṣeré. Bí ọ̀nà bá já gaara fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, tí awakọ̀ sì ti ń gbádùn eré tó ń sá, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá àgbá àti igi tí àwọn aṣọ́bodè tàbí ọlọ́pàá fi dínà pàdé, tàbí kòtò tí omi òjò ti bò mọ́lẹ̀, tàbí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ láìbìkítà pé ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tòun lòun wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ tírélà tó kó ẹrù láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ohun tó wà láàárín awakọ̀ náà àti jàǹbá kò ju páàdì mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo onímọ́tò, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tó ń wa ọkọ̀ asáré jù lọ, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn lágbára ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ: Golf GTI, BMW, tàbí Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ ní 'End of Discussion', pàápàá èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ tòkúńbọ̀ tó gba èbúté Kútọnu wọlé kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Páàdì tí wọ́n bá dé ti jẹ tán tipẹ́. Nígbà tó bá wá di pé kí ẹni tó ni ọkọ̀ ra òmíràn, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà ṣìṣe. Àwọn kan á ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ wọn dé góńgó, á ní àfi irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje lókè òkun ń lò. Àṣìṣe kejì yìí léwu bíi ti àkọ́kọ́, bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ lójú.

Iṣẹ́ tí bíréèkì ń ṣe ni pé ó ń sọ eré di ooru. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú páìpù yóò ti kálípà, kálípà yóò sì fi páàdì méjì há dísìkì tó ń yí pẹ̀lú táyà mọ́ àárín. Bí páàdì àti dísìkì ṣe ń ha ara wọn ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,400, tó ń sá eré kìlómítà 120 ní wákàtí kan, eré tó ju 100 tí àjọ FRSC fọwọ́ sí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ náà bá dúró pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru tó máa jáde tó láti se omi kànga lítà méjì àtààbọ̀ títí yóò fi hó. Bó bá jẹ́ 60 ló ń sá, ooru náà kò tó èyí tí yóò se lítà kan, nítorí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́ ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tó ń bọ́ sórí bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí páàdì ọkọ̀ asáré kò fi gbọdọ̀ jẹ́ yẹpẹrẹ. Páàdì yẹpẹrẹ lè mú dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì. Tó bá di ìgbà kẹrin tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra, tí ooru ti wọ̀ ọ́ lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ á le koko lórí bíréèkì, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Ṣùgbọ́n páàdì àwọn tó ń díje kò wúlò fún irin-àjò ojoojúmọ́. Inú ooru ni wọ́n dá a fún. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í mú dáadáa àfi tó bá ti gbóná ju dígírì 100 lọ, nítorí pé lórí pápá ìdíje, awakọ̀ ń tẹ bíréèkì kíkankíkan ní gbogbo ìgbà. Ẹ wá wo ẹni tó jáde nílé ní Ìbẹrẹ́kò láago márùn-ún ìdájí. Páàdì rẹ̀ tutù. Bí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé bá sáré já sójú ọ̀nà kó tó dé Àràdàgún, páàdì tútù ni yóò fi dúró. Bó bá sì dé Òkòkòmáíkò tàbí Ìyànà-Ìbà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ni, kò sí eré tó lè mú páàdì bẹ́ẹ̀ gbóná. Yàtọ̀ sí èyí, á máa han gooro, á sì máa jẹ dísìkì bí ẹni jẹ àgbàdo. Ohun tó yẹ irú ọkọ̀ yìí ni páàdì tó ń mú láti ìtutù, tí kò sì ní yọ̀ bó bá gbóná díẹ̀: èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i látilẹ̀, tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Àwọn iléeṣẹ́ kan tún máa ń ṣe èyí tó le díẹ̀ sí i fún ọkọ̀ asáré tó ń rin ìgboro. Ìyẹn náà dára, bó bá ti jẹ́ pé fún ìgboro ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe páàdì tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Èyí tí kò ní irin púpọ̀ nínú rọ̀, kì í pariwo, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n ooru tètè ń dá a lágara. Ó yẹ ọkọ̀ kékeré tí kì í sáré. Èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ń fara da ooru, ó sì ń mú gan-an, àmọ́ ó ń rọ eruku dúdú sára rímù, ó sì lè máa dún. Ẹ̀kẹta ni serámíìkì, tó dákẹ́, tí eruku rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì í tètè jẹ dísìkì. Òun ló wọ́n jù láàárín wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì ti yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà. Afẹ́fẹ́ òkun kó iyọ̀ sínú, iyọ̀ sì ń mú irin dípẹtà kíákíá. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé nítòsí etíkun lè ní ìpẹtà pupa lójú dísìkì. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, bíréèkì tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ á nù ún kúrò. Èyí tó burú ni ìpẹtà tó wọ àárín páàdì àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpẹtà náà yóò máa wú, tí yóò sì máa ṣí páàdì kúrò lára irin, títí yóò fi bọ́ níjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé lágbègbè yìí gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn páàdì wò bó ṣe ń yẹ iwájú rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bo irin ẹ̀yìn rẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà dúdú kùn lọ. Fún ọkọ̀ asáré tó ń sùn nítòsí òkun tó sì ń rin ìgboro lójoojúmọ́, serámíìkì tó jẹ́ ojúlówó ló dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu jù. Ẹni tó bá máa ń sáré tó sì ń kó ẹrù tàbí èèyàn púpọ̀ lè yan èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, kó sì gbà pé òun yóò máa fọ rímù.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ bí páàdì ṣe ń mú sí kó tó sanwó? Ọ̀pọ̀ páàdì ni wọ́n tẹ lẹ́tà méjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná. E túmọ̀ sí ìwọ̀n 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G sì jẹ́ 0.45 sí 0.55. Páàdì tó jẹ́ FE, bí àpẹẹrẹ, ń pàdánù agbára nígbà tó bá gbóná. Ọkọ̀ asáré kò gbọdọ̀ lo EE. FF ni kí ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò sì yẹ kó kàn máa wá lẹ́tà tó ga jù, nítorí bí iwájú bá ń mú ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn kò ní lè bá a mu. Lórí àwọn tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, àmì lẹ́tà E nínú òbìrí àti nọ́ńbà tó ní 90R nínú fi hàn pé wọ́n ti yẹ páàdì náà wò, pé bó ṣe ń mú kò fi ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ojúlówó tó wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ lẹ́tà ṣeé tẹ̀ sára ayédèrú pẹ̀lú. Ní Ládípọ̀ ní Mùṣín àti ní ASPAMDA tó wà nínú ọgbà Trade Fair, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà, àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán. Àwọn kan gbà pé 'Bẹ́líjíọ̀mù', ìyẹn páàdì àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ lókè òkun, sàn ju tuntun lọ, nítorí pé ojúlówó ni, nígbà tí tuntun inú páálí lè jẹ́ ayédèrú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ayédèrú pọ̀, àjọ SON sì ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí SONCAP lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti ọdún 2005 nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, páàdì àlòkù dà bí bàtà òkìríkà: ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti bá mu. Ojú rẹ̀ ti tẹ̀ lé ìlà ara dísìkì ọkọ̀ mìíràn. Èèyàn lè wọn bó ṣe nípọn tó, kò lè wọn ooru tó ti jẹ tàbí ọ́ìlì tó ti dà sí i. Ẹni tí owó kò bá ká èyí tó wọ́n jù yóò ṣe ara rẹ̀ lóore bó bá ra tuntun iléeṣẹ́ tí kò lókìkí púpọ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ hàn ketekete, lọ́dọ̀ ẹni tó lè fún un ní rìsíìtì, ju kó ra Bẹ́líjíọ̀mù lọ.

Kó mú páàdì àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, nítorí orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó. Dísìkì iwájú Golf GTI tóbi ju ti Golf lásán lọ, páàdì wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Kó fi èékánná ha etí tuntun wò. Bó bá ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, tàbí tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti irin ẹ̀yìn, kó dá a padà.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀. Kí wọ́n fọ àwọn pín-ìn-nì tí kálípà ń rìn lórí wọn, kí wọ́n sì fi gírísì tó yẹ bíréèkì sí i, nítorí iyọ̀ àti iyanrìn Àgbádárìgì tètè ń mú wọn há. Bí wọ́n bá há, páàdì kan á jẹ tán kí èkejì tó jẹ dé ìdajì. Kí wọ́n má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku tó wà níbẹ̀, omi ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Àwọn páàdì kan ṣì lè ní asbestos nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síìlì ilé láyé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kì í ṣe pé kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀: lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Ibhadode àti Dagwa, gbé ìwádìí jáde lórí páàdì tí wọ́n fi èèpo líle ara èkùrọ́ ṣe.

Ọ́ìlì bíréèkì náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ etíkun sì kún fún omi. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé dígírì 230. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Bí páàdì tuntun bá ti wọlé, kí awakọ̀ má ṣe fi eré àsápajúdé dán an wò. Kó máa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ láti 60 sí bíi 15, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, níbi tí ọkọ̀ kò ti pọ̀, kó sì máa fún un láyè láti tutù láàárín. Bó bá la àgbàrá kọjá lọ́jọ́ òjò, kó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí omi lè gbẹ lára rẹ̀. Bí páàdì bá ku mílímítà 3, ó tó pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ páàdì ló ní irin tínrín kan tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀, tí yóò máa han wíìn-wíìn nígbà tó bá kù díẹ̀. Ẹni tó bá yí rédíò sókè kò ní gbọ́ ọ.