Orúkọ Ilẹ̀ fún Ohun tí Kò Nílẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo Calgary, ọ̀rẹ́ mi kan béèrè bóyá ibìkan wà tí ooru rẹ̀ lè yọ́ yìnyín yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó wà, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Asye ni orúkọ rẹ̀. WASP-15 b ni ó ń jẹ́ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Láti Sutherland, ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan ń dín kù díẹ̀ látìgbàdégbà, nítorí pé ohun kan ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Gáàsì ni ohun náà. Ó fẹ̀ ju Júpítà lọ, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì ti Júpítà. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í lò tó ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó yí i po. Ayé tiwa ń lo 365. Ooru rẹ̀ ju 1,000 °C lọ.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé fún orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti sọ lórúkọ. Nàìjíríà mú Amadioha àti Equiano. Kánádà mú Nikawiy àti Awasis, ìyẹn ìyá àti ọmọ ní èdè Cree. Côte d'Ivoire pe ìràwọ̀ tirẹ̀ ní Nyamien, orúkọ Ẹlẹ́dàá lọ́dọ̀ àwọn Akan, ó sì pe plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Asye, òrìṣà ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: "Ilẹ̀ kẹ̀? Ohun tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Côte d'Ivoire kò wo bí ọmọ náà ti rí. Ilé tiwọn ni wọ́n wò.

Ọ̀rọ̀ yìí bá èmi gan-an wí. Babátúndé tí wọ́n sọ mí nílé ti di "Bob" níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Èmi ni mo fún wọn ní "Bob" lọ́jọ́ tí mo dé, kí ó lè rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ bá lè kọ́ bí a ti ń pe Nyamien, kí ni Babátúndé ṣe?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo yọ "Bob" kúrò lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ọ̀gá mi ṣì ń kọsẹ̀ níbi "tún", ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè yín lọ́hùn-ún?