Ìwé Méjì Ni Í Mú Kí Eré Ọ̀rẹ́ Dùn



Eré kíríkẹ́ẹ̀tì la fẹ́ ṣàlàyé lóṣù yìí. A mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan nínú yín á ní, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ẹ mú sùúrù, ọ̀rọ̀ náà kan owó wa.

Eré yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1904, àwọn ará Èkó gbàlejò àwọn ará Gold Coast, tó ti di Ghana báyìí, wọ́n sì jọ ta á. Ní January 2025, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Nàìjíríà borí New Zealand ní Malaysia, 65 sí 63. Ayò 2 péré ló wà láàárín wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí. Èèyàn 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo yáàdì 22 ló wà láàárín igi mẹ́ta ti ìhín àti igi mẹ́ta ti ọ̀hún. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, onípátákó á gbá a, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á sì sáré pààrọ̀ àyè. Ìpààrọ̀ kan, ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé ààlà pápá, ayò 4 ni. Bó bá fò ó kọjá láìkanlẹ̀, ayò 6. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wó igi, tàbí tí wọ́n bá hán an kó tó kanlẹ̀, onípátákó ti kú nìyẹn, á fi pápá sílẹ̀.

Ta ló wá ń ka gbogbo ayò wọ̀nyí? Òfin eré náà ní kí akọ̀wé ayò jẹ́ méjì. Bí ẹgbẹ́ aláfẹ́ méjì bá ń bára wọn ṣeré ọ̀rẹ́, ìhà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń mú ọ̀kan wá. Wọ́n á jókòó pọ̀, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Léraléra ni wọ́n ń bi ara wọn: "Mélòó lo ní?" "Mo ní 41." "Háà, 40 ni tèmi." Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á wá ayò kan tó sọnù. Wọn kì í jẹ́ kó dalẹ́, torí bó bá dalẹ́, ẹni tó máa rántí ò sí mọ́, àfi ariwo. Ẹ tún wo 65 sí 63 yẹn: bí ayò 2 bá sọnù nínú ìwé, ta ni ká ní ó borí?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí. Ìwé kan ń bẹ lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi tiyín sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa láti January títí di ìgbà tí a máa pín èrè. Ìgbà náà ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi, nítorí a ń gbà á sílẹ̀.

Láti oṣù yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé yín dání. Bí ẹ bá sanwó, ẹ dúró kí a kọ ọ́ sínú méjèèjì, kí a sì kà á sétígbọ̀ọ́ yín. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ wá. A ò ní bínú. Akápò tó bá ń bínú pé wọ́n yẹ ìwé òun wò ni kí ẹ fura sí.

Ó dìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé ìwé yín o!