ÈÉFÍN NÍNÚ YÀRÁ ATUKỌ̀: ÌDÍ TÍ BÀÁLÙ FI Ń YÀ SÍ ÌLÚ MÌÍRÀN

Nínú Oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni iná jó ọjà Tẹ́júoṣó. Ọdún 2014 ni a tó ṣí ọjà tuntun tí a kọ́ dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí iná ọjà rí mọ̀ pé èéfín a máa ṣáájú ọwọ́ iná. Yóò kọ́kọ́ bo ènìyàn lójú, yóò sì dí i ní èémí. Lórí ilẹ̀, ènìyàn lè sá jáde. Lókè òfuurufú, kò sí ibi tí a óò sá sí. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwọn oníṣòwò tí ń wọ bàálù lọ ra ọjà mọ ohun tí àwọn atukọ̀ ń ṣe nígbà tí èéfín bá yọ.

Èéfín lè ti ara wáyà iná wá, tàbí ti ara òróró ẹ́ńjìnnì tí ó jò sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tàbí ti ara ẹrù. Bí ó bá ti yọ ní yàrá atukọ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí àwọn atukọ̀ fi ìbòjú afẹ́fẹ́ bojú. A ṣe é kí ó lè wọ̀ wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 5, pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ké sí àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀, wọn yóò sì wá pápá tí ó súnmọ́ wọn jù lọ. Bí bàálù tí ń bọ̀ láti Àbújá sí Èkó bá wà nítòsí Ìlọrin, Ìlọrin ni yóò bà sí. Atukọ̀ kò ní dúró wádìí bóyá èéfín náà kéré tàbí ó pọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé àkókò kò sí. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, àwọn atukọ̀ bàálù Swissair 111, tí ó gbéra láti New York lọ sí Geneva, gbọ́ òórùn èéfín. Wọ́n yà sí Halifax ní ilẹ̀ Kánádà, ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 21, bàálù náà ti já sínú òkun. Ènìyàn 229 ni ó kú. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Kánádà sọ pé iná wáyà ni ó ran aṣọ ìbora ara bàálù náà, àti pé bí wọ́n tilẹ̀ darí tààrà sí Halifax, àkókò kò ní tó.

Ẹrù náà lè dá irú ewu yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS 6 gbéra ní Dubai. Bátìrì lithium wà nínú ẹrù rẹ̀, iná sì ṣẹ́ níbẹ̀. Èéfín bo yàrá atukọ̀ débi pé wọn kò rí àwọn aago iwájú wọn mọ́. Wọ́n yí padà sí Dubai, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Doha súnmọ́ wọn jù. Àwọn atukọ̀ méjèèjì kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ra fóònù àti páwà báǹkì wá sílé, ẹ má ṣe fi páwà báǹkì tàbí bátìrì lásán sínú ẹrù tí ń lọ sí abẹ́ bàálù. Ẹ gbé e dání sínú báàgì ọwọ́, níbi tí a ó ti tètè rí i bí ó bá gbóná. Bí fóònù bá já sí abẹ́ ìjókòó, ẹ má ṣe ti ìjókòó náà. Ẹ ké sí òṣìṣẹ́ bàálù. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ jáde kíákíá, ẹ fi ẹrù sílẹ̀.

Bí atukọ̀ bá gbé yín lọ sí Kútọnu nígbà tí Èkó wà lórí ìwé ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe bínú sí i. Ọjà tí a kò bá lónìí, a lè bá a lọ́la. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.