Wu-Tang Clan: ẹgbẹ́ kan, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀
Ẹ̀yin ará wa nílùú onílùú, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọgbọ́n táwọn ọmọ ráàpù mẹ́sàn-án kan dá ní Staten Island, New York. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ní 1992. Àwọn fúnra wọn ló gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí iléeṣẹ́ Loud Records fẹ́ gbà wọ́n, RZA, olórí wọn, ní àfi kí oníkálùkù lè ta orin tara rẹ̀ fún iléeṣẹ́ mìíràn. Lóṣù Kọkànlá 1993, àwo Enter the Wu-Tang jáde, orúkọ wọn sì ròkè. Method Man lọ sí Def Jam, Ol' Dirty Bastard lọ sí Elektra. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ ò tú. Ní 1997 wọ́n jọ ṣe àwo kejì.

Ẹgbẹ́ tiwa náà ńkọ́? Ẹni tó bá ya ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ká ṣáà jọ máa dáwó, ká jọ máa ṣèpàdé.